Béèsì mọ́tò yín kò rinlẹ̀ mọ́? Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó ra wúfà tuntun

Tí ẹ bá wà lára àwọn tó máa ń gbọ́ wa nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ òní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ ti fi subwoofer, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní wúfà, sínú búùtù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í, ńṣe ni dígí ẹ̀yìn ń gbọ̀n, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń jó tẹ̀ lé yín. Ní báyìí, ẹ yí fólúùmù títí, orin ń pariwo lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ṣófo. Kí ló dé?

Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀. Bátìrì Corolla tòkunbọ̀ mi kú lọ́dún tó kọjá, mo sì pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo ṣàkíyèsí pé béèsì ti rọ. Mo wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ orin mọ́tò níbí ní Ìbàdàn. Ọ̀gá ibẹ̀ fi ọwọ́ tẹ wúfà mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti kú. Ẹ ra èyí tó tóbi jù ú lọ." Owó tí mo ti tọ́jú fún owó ilé-ìwé ọmọ mi ni mo fi rà á. Nígbà tí wọ́n fi í tán, béèsì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo lọ bẹ àwọn ará ilé-ìwé pé kí wọ́n fún mi di òpin oṣù. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì lè sọ pé ó ṣe àṣejù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ẹ̀ka ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ wa ló gbé mítà ẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé kan, tí a jọ yẹ mọ́tò náà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wúfà àkọ́kọ́ yẹn kò ṣe nǹkan kan rárá. Nǹkan mìíràn ló ń fa gbogbo ẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà ju sáńpépà àti sùúrù lọ. Ohun tí a rí lọ́jọ́ yẹn, àti àwọn mìíràn tí mo ti rí lára mọ́tò àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìgbà náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ wúfà. Etí ènìyàn lè gbọ́ ohùn láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òǹkà yìí bá ṣe kéré tó ni ohùn náà ṣe máa ń wúwo tó. Sípíkà inú ilẹ̀kùn mọ́tò kéré, kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀, nítorí náà ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ bí 80 Hz sí 100 Hz ni a máa ń dá wúfà fún. Ẹ rò ó bí ẹgbẹ́ onílù: kànnàǹgó àti gúdúgúdú ń ké lókè, ṣùgbọ́n gbẹ̀du ló ń mi ilẹ̀. Wúfà ni gbẹ̀du inú mọ́tò.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi máa ń pa mí tí ẹnì kan bá ní òun fi ìròyìn wa dán wúfà òun wò. Kò sí béèsì nínú ìròyìn o! Ohùn ọkùnrin tó ń ka ìròyìn kì í sábà rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 85 Hz lọ, àti pé ní stúdíò, a máa ń gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò kí ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀ má baà bá a wọlé. Orin tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí gìtá béèsì tàbí ìlù ńlá wà nínú ẹ̀, ni kí ẹ lò. Orin kan náà ni kí ẹ fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò yín, kí fólúùmù náà sì dúró lójú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó yí padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kì í ṣe láti búùtù

Rédíò tó wà níwájú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n kọ SUB tàbí SUB LEVEL sí, ó sì yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ti ń yí BASS. Ẹni tó bá ń yí BASS sókè lè máa da sípíkà ilẹ̀kùn láàmú lásán nígbà tí SUB wà nílẹ̀ pátápátá. Tí wọ́n bá yọ bátìrì, tàbí tí bátìrì kú fúnra ẹ̀, àwọn rédíò kan máa ń gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti sọ fún wọn, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ jáde. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe tèmi nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì péré ni a fi rí i, lẹ́yìn tí owó ti jáde lọ́wọ́ mi.

Ẹ wo FADER náà. Tí ẹ bá ti sún ohùn síwájú tán kí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn má baà jí, tó sì jẹ́ ẹnu sípíkà ẹ̀yìn ni wọ́n ti fa ohùn wúfà, ẹ ti sún wúfà dànù nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń gbọ́ orin lórí Bluetooth, ẹ gbé fólúùmù fóònù yẹn sókè, kí ẹ sì fi orin kan náà sí fláàṣì gbọ́. Tí ti fláàṣì bá dún tí ti fóònù kò dún, ẹ fi wúfà sílẹ̀, fóònù ni kí ẹ bá wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá lọ bá amplifier, áḿpù tí à ń wí, àpótí irin pẹlẹbẹ tó sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó tàbí nínú búùtù. Súìṣì kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n kọ LPF, HPF àti FULL sí. LPF ni ti wúfà: ó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá, ó ń dá ti òkè dúró. HPF ni òdìkejì ẹ̀. Tí ọwọ́ ẹni tó ń kó ẹrù sí búùtù bá ṣèèṣì ti súìṣì yìí sí HPF, ó ti gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu wúfà. Nǹkan bí 80 Hz ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì ti gé e ní 80 Hz lórí rédíò, ẹ yí ti áḿpù lọ sókè tán, kí àwọn méjèèjì má máa gé ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

GAIN ni ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé fólúùmù ni. Kì í ṣe fólúùmù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti mú kí agbára ohùn tó ń bọ̀ láti rédíò bá ohun tí áḿpù ń retí mu. Tó bá kéré jù, béèsì á rọ. Tó bá pọ̀ jù, ohùn á máa fọ́, ooru á sì mú wáyà tí wọ́n ká jọ sínú ikùn wúfà títí tó fi máa jó. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń yí GAIN sílẹ̀ pátápátá, mo máa ń pa BASS BOOST, mo máa ń gbé fólúùmù rédíò dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni mo máa wá yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí ohùn á fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Mo máa dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, mo sì máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé e dé òkè tán nítorí pé béèsì kò tó, ó kàn ń fi ìṣòro kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ ni.

Nígbà tí sípíkà méjì bá ń bá ara wọn jà

Nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, olùkọ́ wa kan gbé makirofóònù méjì síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ní kó máa sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ náà mọ́ gaara. Olùkọ́ wá yọ wáyà ọ̀kan, ó fi òmíràn tí wọ́n so orí ẹ̀ sódì rọ́pò ẹ̀. Lójijì, ohùn ọmọ yẹn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo mílíìkì. Makirofóònù méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń ti ohùn síwájú ni èkejì ń fà á sẹ́yìn. Ẹ fojú inú wo àwọn méjì tó fẹ́ ti mọ́tò tó kú, tí ọ̀kan dúró lẹ́yìn tó ń tì í síwájú, tí èkejì wà níwájú tó ń tì í padà sẹ́yìn. Òógùn á bò wọ́n, mọ́tò ò sì ní kúrò lójú kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú mọ́tò. Wúfà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí wọ́n kọ + sí àti ẹnu tí wọ́n kọ − sí. Tí ẹ bá ní wúfà méjì, tí ríwáyà so ọ̀kan dáadáa tó wá so èkejì sódì, béèsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń fi ojú yín rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń fò. Àmì tó dájú ni pé tí ẹ bá pa orin, tí ẹ yọ wáyà ọ̀kan, tí ẹ tún tan orin, béèsì á pọ̀ sí i. Ọ̀kan á wá ju méjì lọ!

Tó bá jẹ́ wúfà kan ṣoṣo lẹ ní, òun pẹ̀lú àwọn sípíkà ilẹ̀kùn ló lè máa bá ara wọn jà. Lára ọ̀pọ̀ rédíò àti áḿpù, ẹ máa rí PHASE, tí wọ́n kọ 0 àti 180 sí, tàbí NORMAL àti REVERSE. Ẹ jókòó síbi awakọ̀, ẹ fi orin sí i, kí ẹnì kan bá yín máa yí i. Èyí tí béèsì bá ti pọ̀ jù létí yín níbi tí ẹ jókòó sí, òun ni kí ẹ fi í sí. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Tí àmì + ara wúfà bá ti pa, ẹ yọ wáyà áḿpù kúrò lára ẹ̀, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, èyí tó jẹ́ 1.5 fóltì, kí ẹ fi wáyà kékeré méjì so ó mọ́ ẹnu wúfà fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Tí awọ wúfà bá yọ síta, ẹnu tí + bátìrì kàn ni + wúfà. Tó bá wọlé sínú, òdìkejì ni.

Iná tí kò dé ibi tó ń lọ

Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ nìyí, ó sì mú tèmi náà. Nínú orin, béèsì ló ń jẹ iná jù. Gbogbo iná tó bá gba wáyà pupa wọlé láti bátìrì ló gbọ́dọ̀ gba wáyà éètì padà. Àmọ́ àwọn ríwáyà kan á ra wáyà pupa ńlá, wọ́n á wá fi èyí tó tín-ín-rín ṣe éètì, wọ́n á sì dè é mọ́ nọ́ọ̀tì èyíkéyìí tó bá sún mọ́ wọn, lórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ìwọ̀nba iná tó bá rí àyè ni yóò kọjá. Tí òjò bá wá rọ̀, tí omi wọ búùtù, ìpẹtà á parí iṣẹ́ tó kù. Ìpẹtà yẹn ti ń jẹ béèsì mi díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ tí mo pààrọ̀ bátìrì ni ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí mi gbangba.

Ẹ tú ẹnu négétìfù bátìrì ná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tí ẹ fẹ́ dè é mọ́ títí irin á fi máa dán. Wáyà tó sanra bí ti pupa ni kí ẹ lò, kó má sì gùn ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ dè é kó le, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀dà tàbí gíríìsì bo orí ẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹ má lo nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì ìjókòó o, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì yẹn dè. Tó bá sì gba pé kí ẹ lu ihò tuntun, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, nítorí táǹkì epo lè wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní mítà kò nílò láti máa méfò. Bátìrì tó dára máa ń fi nǹkan bí 12.6 fóltì hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, ó sì máa ń wà láàárín 13.7 àti 14.4 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn ẹnu bátìrì, kí ẹ tún wọn ẹnu áḿpù, nígbà tí ìlù ń lu gan-an. Tí bátìrì bá ń sọ 14 tí áḿpù ń sọ 12, iná ti sọnù lójú ọ̀nà. Ti èmi, ó ju fóltì méjì lọ tó ń sọnù. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bátìrì fúnra ẹ̀ ló ń já wálẹ̀ sí 12, tí iná iwájú ọkọ̀ ń ṣẹ́jú bí ìlù ṣe ń lu, ẹ fi wúfà sílẹ̀, kí ẹ lọ yẹ bátìrì àti alternator wò.

Ọ̀rọ̀ wáyà tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wáyà tó pupa tó sanra ló jẹ́ bàbà. Alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú, wọ́n kàn fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ bo ara ẹ̀ ni. Alumíníọ̀mù ń gbé iná, ṣùgbọ́n kò ju bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ohun tí bàbà ń gbé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha irun wáyà kan. Tí inú ẹ̀ bá funfun, ẹ ti mọ̀. Ẹ ṣì lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ mú èyí tó sanra sí i, kí ẹ sì san owó alumíníọ̀mù.

Níbi fíúsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Fíúsì ńlá gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa yẹn, nítòsí bátìrì, kó má jìnnà sí i ju bí 45 sẹ̀ǹtímítà náà lọ. Tí wáyà bá bó lójú ọ̀nà, tó fara kan irin ọkọ̀, fíúsì ló máa já kí wáyà tó pọ́n tó sì ràn. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n yọ fíúsì, tí wọ́n fi bébà dídán inú páálí sìgá dí i. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ìṣó sí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún béèsì kankan ṣe, iná ló gbé sábẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ ẹ̀. Tí fíúsì bá ń já léraléra, ibì kan wà tí wáyà ti bó. Ẹ wá a rí. Ẹ má fi fíúsì tó ju agbára wáyà lọ sí i.

Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ

Wúfà kejì tí mo rà ní ẹnu mẹ́rin, ìyẹn ni pé wáyà méjì ni wọ́n ká sínú ikùn ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 4 ohm. Tí wọ́n bá so wọ́n tẹ̀ léra, ó di 8 ohm. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, + pẹ̀lú +, − pẹ̀lú −, ó di 2 ohm. Bí ohm bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà ṣe ń há fún iná tó: áḿpù tó lè fún wúfà ní 400 wáàtì ní 2 ohm kò ní fún un ju nǹkan bí 100 lọ ní 8 ohm. 8 ohm ni ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn so tèmi sí. Wúfà ńlá, oúnjẹ kékeré. Kí ẹ tó yí tiyín padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára áḿpù. Tí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 4 ohm, ẹ má fi 2 ohm sí i, ó lè jó.

Bẹ́ẹ̀, wáàtì fúnra ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, láti 200 sí 400, ohùn kò ní di ìlọ́po méjì létí yín. Decibel 3 péré ló máa fi kún un, ìyẹn ìwọ̀nba tí etí á kàn mọ̀. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó máa gba bí ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Àti pé "MAX" gàdàgbà tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni kí ẹ fi ra ọjà, èyí tí wọ́n kọ RMS sí ni kí ẹ wò.

Ẹ yẹ àpótí wúfà wò náà. Wúfà tí kò ní àpótí kò lè dún, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tì níwájú ń yí etí ẹ̀ ká lọ pàdé èyí tó wà lẹ́yìn, ìjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni. Tí pákó àpótí bá ti là, tàbí tí gúlúù ẹ̀ ti ṣí, ẹ gbé ọwọ́ sí àwọn igun ẹ̀ nígbà tí orin ń lọ. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ yín lọ́wọ́ níbi tí wọn ò dá ihò sí, ibẹ̀ ni. Nínú mọ́tò tí búùtù ẹ̀ dá dúró bíi Corolla, ẹ tún gbìyànjú kí ojú wúfà kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí. Kí ẹ sì gbé àpò gààrí kúrò lójú ẹ̀.

Nígbà wo wá ni wúfà kú lóòótọ́? Ẹ pa gbogbo ẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti awọ ẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, kó lọ déédéé. Ó yẹ kó lọ kó bọ̀ láìdún rárá. Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú ẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn ohun tó jó, ikùn ẹ̀ ti jó. Ẹ yọ wáyà ẹ̀, ẹ fi mítà wọn ẹnu ẹ̀: wúfà 4 ohm sábà máa ń fi iye kan láàárín 3 àti 4 hàn. Tí mítà kò bá sọ nǹkan kan, wáyà inú ti já. Tó bá sì jẹ́ rọba tàbí fóòmù etí ẹ̀ nìkan ló ya, ó ṣeé pààrọ̀. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó ní ó ti kú, ẹ ní kó fi mítà hàn yín.

Wúfà mi àtijọ́ ti padà sínú búùtù, dígí ẹ̀yìn sì ti ń gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kò gba ti tuntun padà. Àbúrò mi tó ń fi mọ́tò ẹ̀ ṣe kábúkábú ló rà á ní ìdajì owó, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń san án. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, èmi ni mo kọ́kọ́ ha ọ̀dà ibi éètì fún un kó tó so wáyà kankan.